Ihò Kẹtàdínlógún

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ wa: a kì í wa ihò. O lè dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń kí àna. O lè tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. O lè fi koríko gbígbẹ kan tọ́ òwú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹni tó wà nínú ilé lè rò pé kòkòrò ló ń kọjá, kí ó sì yọjú. Ṣùgbọ́n irin kankan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, òyìnbó arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wò ó pé bóyá ó rò pé adití ni mí. Ó ní aláǹtakùn tó ń gbé inú rẹ̀ lè lo ogún ọdún nínú ihò kan ṣoṣo, pé bí èèyàn bá hú u jáde, kì í sábà mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ihò tuntun mọ́.

Yunifásítì kan ní Braamfontein, ní Johannesburg, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lórí ìwé, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá kéékèèké ni mí. Lójú àwọn ará ilé mi, mò ń ka ihò. Ilẹ̀ koríko kan wà lẹ́yìn ìlú tí yunifásítì fi ń ṣe ìwádìí, bí ogójì ìṣẹ́jú ni tí mo bá wa mọ́tò lọ láti ilé wa. Kò sí igi níbẹ̀ tó o lè sinmi sábẹ́ rẹ̀. Koríko ló wà, àti òkúta pupa, àti atẹ́gùn tí kì í sinmi. Ihò mọ́kànlélógójì la mọ̀ nínú oko náà, a sì ri páànù pẹlẹbẹ kékeré mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, tí a kọ nọ́ńbà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń yí wọn ká pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù.

Aláǹtakùn náà tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Irun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Àwọn ará ibí ń pè é ní aláǹtakùn ìnàkí, torí wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ìka ìnàkí. Kì í ta sí igun àjà bíi tàwọn tá a mọ̀ nílé, tí ìyá ẹni á máa fi ọwọ̀ gbá kúrò láàárọ̀ Sátidé. Ilẹ̀ ló ń gbẹ́. Á fi òwú ara rẹ̀ tẹ́ inú ihò náà láti ẹnu dé ìsàlẹ̀, tó o bá fi ìka kàn án, á múlọ́múlọ́ bí aṣọ. Abo kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Akọ ló máa ń filé sílẹ̀ tó bá dàgbà tán, á máa wá abo kiri inú koríko, ojú ọ̀nà náà ló sì máa ń kú sí. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ mi, tó jẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, tó jẹ́ pé ìparí oṣù nìkan ló ń wálé, ó ní òun ò rí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló dàgbà jù. Ọdún tí mo dé Johannesburg ni mo rí i, oyún ọmọ mi ṣì wà nínú mi, mo dọ̀bálẹ̀ títí tí ikùn ò jẹ́ kí n lè dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún méjìlá báyìí. Ó ga jù mí lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá mi lóhùn.

Ìyá mi ló sọ aláǹtakùn náà ní Ìyá Onílé. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ó ń gbé nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Adó-Èkìtì kó tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń gbé ní àdúgbò kan náà, ó ń lọ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń pè é. Tó bá ti béèrè ọmọ tán, tó béèrè ọkọ tán, ó kù kan.

"Ìyá Onílé ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Kò tíì kó kúrò?"

"Kì í kó kúrò, mà."

"Obìnrin gidi nìyẹn. Àwọn kan ń bẹ tí wọn ò lè jókòó sílé ìyá wọn."

Á wá rẹ́rìn-ín títí á fi húkọ́. Kò gbà láéláé pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Ó ní òun rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ó wá lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn míì ń sọ ọ́ lásán ni. Tirẹ̀ kì í ṣe lásán, ó ti pín iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí: ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni kó wá pósí. Kí àbúrò ẹ máa sunkún, ìyẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí mi, torí ọwọ́ ẹ kì í gbọ̀n." Mo ní mo gbọ́, mà. Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ pé mo gbọ́, kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Láti ọdún méjìlá tí mo ti kúrò nílé, kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi, kò béèrè aṣọ, kò béèrè fóònù. Ìyẹn nìkan ló béèrè.

Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n lóòótọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò gba kó gbọ̀n.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, ìwé ìgbélùú mi parí. Mo ti kó gbogbo ohun tí ìjọba béèrè fún wọn kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kí n máa retí. Bí mo bá fẹsẹ̀ kan kúrò nílùú kó tó jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jẹ́ kí n wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ níbí lọmọ mi wà, níbí niṣẹ́ wà. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ìyá mi náà mọ̀. Àyà ti ń dùn ún díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, mo sì ní màá wá. Ó ní, "Jẹ́ kí ìwé ẹ jáde ná. Èmi ò sá lọ síbì kankan."

Oṣù yẹn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀. Òtútù ibí yàtọ̀, kò ní òjò nínú. Ó kàn máa ń gbẹ ni, koríko á funfun, ilẹ̀ á le bí àmù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan mo dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà kẹtàdínlógún, mo rí i pé ó ti tilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá mú wọn, tàbí wọ́n fẹ́ bọ́ awọ, tàbí wọ́n yé ẹyin, wọ́n á fi òwú hun ẹnu ihò pa, wọ́n á fi erùpẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ibi tó ti le ni pé tó bá kú sínú ibẹ̀, bákan náà ni ìta á ṣe rí. Kò sí bó o ṣe lè mọ̀ láìwa á, a kì í sì í wa ihò. Ohun tí à ń kọ sínú ìwé ni: ó tì, à ń dúró. Ọdún méjìlá ni mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un, gbogbo ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ ló ń ṣí i.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà mo pe ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e.

"Mọ́mì ń sùn," ó ní. "Wọ́n lo oògùn."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyá mi kì í sùn láago mẹ́rin. Aago mẹ́rin ló máa ń bomi rin òdòdó ojúlé rẹ̀, tí á sì máa bá ewúrẹ́ aládùúgbò sọ̀rọ̀ burúkú. Mo ní ó dáa, kó sun oorun rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ó ń sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, wọ́n ní ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kò sì mú fóònù dání. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, láti kékeré la ti ń jà, kò kí mi kú iṣẹ́ rí láìfi èébú díẹ̀ sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. "Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa. Ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ̀." Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò sí nǹkan o?" Ó ní kò sí.

Àbúrò mi náà pè láti Kánádà. Ó lóyún nígbà náà, oyún tó wá fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó rí, gbogbo wa là ń fi ẹnu gbé e kiri nínú àdúrà. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti bá Mọ́mì sọ̀rọ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pè ni wọ́n ń sùn." Mo ní bí wọ́n ṣe ń sọ fún mi náà nìyẹn, pé oògùn ni.

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. A máa ń fi pa mọ́ fún un títí àyè á fi gbà á, a óò wá rán àwọn àgbààgbà lọ bá a nílé. Èmi fúnra mi ti bá wọn lọ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo se ìrẹsì tí a gbé lọ bá ọkùnrin kan nínú ìjọ wa tí bàbá rẹ̀ kú nílé. A jẹ́ kí ó jẹun yó ná. A kì í gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka ẹni tí ebi ń pa. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mò ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹran, mo mọ̀, kò mọ̀. Àwọn àgbà ní aláǹtakùn tó bá máa bá èèyàn jà, á ta yí i ká ni. Àwọn tó fẹ́ràn èèyàn náà ń ta yí i ká, èyí ni mo rí.

Mo lè bi ẹ̀gbọ́n mi ní tààrà. Mo lè sọ pé, ẹ fi orúkọ Ọlọ́run búra fún mi. Mi ò bi í. Mo fi í sílẹ̀ nínú ọkàn mi bí mo ṣe ń fi í sílẹ̀ nínú ìwé: ó tì, à ń dúró. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìlá kọ́, mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ kí n gbé e lọ. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò sì ní dá ẹlòmíràn lẹ́bi fún un.

Kò sì dùn mí. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Ara mi kàn kú ni. Mò ń jí, mò ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, mò ń dúró nídìí róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú pópó níbí, tó bá sì di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn á fọn fèrè kí n tó rántí pé kí n lọ. Oúnjẹ ò kan, oúnjẹ ò sì dùn. Mo ń lọ sí oko, mò ń ka ihò, ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù keje, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ìwé ìgbélùú mi ti jáde, kí n wá gbà á. Mo gbà á. Mo pe ọkọ mi, mo ní mo ti lè lọ sílé báyìí. Ó ní a dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, mò ń fọ abọ́ nígbà tí ọmọ mi wọlé.

"Mum, there are people at the gate," ó ní. "Like, a lot of people. Daddy's with them."

Kì í ṣe ìparí oṣù. Mo nu ọwọ́ mi. Mo yọjú láti ojú fèrèsé ilé ìdáná: bàbá tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ Yorùbá nínú ìjọ wa, akáǹtáńtì ni, ó ṣì wọ kóòtù tó wọ̀ lọ sí ìsìn, ìyàwó rẹ̀, dókítà obìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn mi nínú ìjọ, ìyá kan tó ń ta irun ní Jeppestown, àti ọkọ mi, tó ń wo ilẹ̀. Ìyá onírun gbé kúlà oúnjẹ dání. Nígbà tí mo rí kúlà yẹn, kò ku nǹkan tí mi ò mọ̀ mọ́.

Wọ́n jókòó. Wọ́n mu omi. Wọ́n bi ọmọ mi léèrè iléèwé, wọ́n ní ó ti ga o, wọ́n ní òtútù ọdún yìí mà pọ̀. Ọkọ mi ní kí ọmọ lọ sí yàrá rẹ̀. Ìyá onírun ṣí kúlà.

"Ìyàwó wa, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ó yá, jókòó. Mọ́ínmọ́ín ni. Ó ṣì gbóná."

Mo jókòó, mo jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Mo mọ òfin náà ju àwọn tó wá lọ: níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń jẹun, wọn ò lè sọ ọ́. Mo jẹ ẹyọ kan tán, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìkejì. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, mo yọ egungun ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo gba ìkẹta. Dókítà ń wo ọkọ mi. Ìyá onírun ní, "Máa jẹ, máa jẹ, má wò wá." Ìyàwó bàbá fi gèlè nu ojú, ó ṣe bí ẹni pé òógùn ni, nínú òtútù yẹn. Nígbà tí mo gba ìkẹrin, bàbá gbé ojú kúrò lára mi, ó ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Mo jẹ ẹ́ tán. Ikùn mi ń dùn mí. Mo mu omi, mo fọ ọwọ́, mo padà wá jókòó.

Bàbá gbé ojú padà sọ́dọ̀ mi. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé gbogbo wa, àlejò la jẹ́ láyé."

"Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n sin wọ́n?"

Ìyá onírun bú sẹ́kún. Kò mọ ìyá mi, kò rí i rí, ṣùgbọ́n ó sunkún débi pé ìyàwó bàbá gbá a mú. Bàbá wo ọkọ mi.

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sin wọ́n," ọkọ mi ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti kú. Oorun ni wọ́n sùn, wọn ò jí."

"O ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méje."

"Bí a bá sọ fún ẹ, wàá ní ò ń lọ sílé. Ìwé ẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ bẹ̀ mí. Wọ́n dúró dè ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gbé wọn sí mọ́ṣúárì, bóyá ìwé á jáde. Nígbà tí kò jáde, wọ́n ní àwọn ò lè fi Mọ́mì síbẹ̀ mọ́."

"Ta ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Mo ní ó dáa. Wọ́n ń retí kí n sunkún, mo rí i lójú wọn, ìyàwó bàbá ti na ọwọ́ kó lè gbá mi mú. Ẹkún ò wá. Wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo dáhùn. Bàbá gbàdúrà, mo ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò yín ò gbọdọ̀ gbọ́," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n yín ló ní ká sọ fún yín. Oyún yẹn ti wọ oṣù kẹjọ. Kó bímọ ná."

Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi padà síbi iṣẹ́, mo wa mọ́tò lọ sí oko. Mo yí àwọn ihò ká bí mo ṣe máa ń ṣe é, mo kọ nọ́ńbà kìíní títí dé kẹrìndínlógún. Nígbà tí mo dé kẹtàdínlógún, ó ṣì tì. Òwú náà gbẹ, ekuru ti bò ó. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ronú nǹkan kan tí mo lè sọ fún yín. Mo dìde, mo lọ mú ṣọ́bìrì kékeré tí a fi ń ri páànù nọ́ńbà mọ́lẹ̀ nínú búùtù mọ́tò, mo padà wá, mo wa ihò.

Ilẹ̀ le. Mo wa á láti ẹ̀gbẹ́, mo ń fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ kúrò. Òwú inú ihò náà ń fà ya bí aṣọ àlòkù. Ó jìn tó láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá, lẹ́yìn náà ó yà sí ọ̀tún, yàrá kékeré kan sì wà níbẹ̀.

Ó wà láàyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni. Awọ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odindi, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rọ̀, awọ tuntun náà ò tíì le, irú àsìkò tí atẹ́gùn lásán lè ṣe é léṣe. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè sí mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ jà, kò lè gbé e. Kò sí ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Oorun ló ń sùn.

Mo ní kí n dá erùpẹ̀ padà sí i, kò ṣeé ṣe, kò sí ihò mọ́. Mo wo ọwọ́ mi, ó ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n débi pé mo gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di èkejì mú. Inú bí mi. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, sí ọkọ mi, sí ìwé, sí ìyá mi tó sọ pé òun ò sá lọ síbì kankan. Èmi tí wọ́n ní kí n da erùpẹ̀ lé ìyá mi lórí, tí mi ò dà á, mo wá jókòó sínú koríko, mo ti ba ilé onílé jẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ kúrò lára mi. Lẹ́yìn náà ara mi tún kú, bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo bu erùpẹ̀ kún báàkẹ́ẹ̀tì kan, mo fi ìka gbẹ́ ihò kékeré sí àárín rẹ̀ fún un, mo gbé aláǹtakùn náà lé e lórí, mo fi mọ́tò gbé e wá sílé. Kò wọ ihò náà. Ó jókòó sórí erùpẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Ọmọ mi wá wò ó.

"Is she going to be okay?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"What are you going to write in the book?"

"Òótọ́," mo ní. "Pé èmi ni mo wa á." Mo sì kọ ọ́. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ pé ọwọ́ mi ni, mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí. Kò tíì dá mi lóhùn. Kò sí ohun tó fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni àbúrò mi pè. Mo jókòó ti báàkẹ́ẹ̀tì náà nílé ìdáná. A kí ara wa. Mo béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú, ó ní ó ti ń lọ sílẹ̀. Mo béèrè ọmọ, ó ní ó ń tàpá. Ó wá béèrè.

"Àǹtí mi, Mọ́mì ńkọ́?"

Aláǹtakùn náà ò kúrò níbi tó wà. Mo gbọ́ bí ohùn mi ṣe jáde, ó tẹ́jú, ó dára, ohùn ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni.

"Wọ́n ń sùn," mo ní. "Oògùn yẹn ni."

"Ó dáa," ó ní. "Tí wọ́n bá jí, ẹ bá mi kí wọn."

"Màá bá ẹ kí wọn."

Kò gé fóònù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ìwé ìgbélùú yín ńkọ́, Àǹtí mi? Ṣé ó ti jáde?"

"Ó ti jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì."

"A dúpẹ́." Ó wá ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Láti ìgbà tó ti ń pè mí, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti mọ̀. Àwọn ará ìjọ tirẹ̀ ti lọ bá òun náà nílé pẹ̀lú kúlà tiwọn, láìdúró de ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti sọ fún un pé èmi ò gbọdọ̀ gbọ́ títí ìwé mi á fi jáde.

"Mo ti jẹun," mo ní. "Mo jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ti jẹun," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyẹn mọ̀ ọ́n ṣe, bí Mọ́mì ṣe wí. Mi ò sọ fún un pé kó má sunkún. Mo gbé fóònù sí etí, mo fi ọwọ́ kejì gbá etí báàkẹ́ẹ̀tì mú, mo sì dúró tì í títí ó fi sun ún tán.